Ìlà Méjì Péré

Fọ́ọ̀mù tí ọ́fíìsì Bauchi fi ránṣẹ́
fi ìlà méjì péré sílẹ̀ fún ìdí ọ̀rọ̀:
"Kí ló mú ẹranko náà jáde nínú igbó ọba?"
Mo ti rún ìdí bírò bí ẹni rún pákò.

Erin mẹ́rin ni, lóru Àlàmísì:
abo àgbà kan, ọmọ rẹ̀ méjì,
àti ọ̀dọ́ kan tí etí rẹ̀ ya.
Wọ́n gba ẹ̀yìn kòtò àwọn a-sun-èédú,
wọ́n já wáyà,
wọ́n wọ oko Lámíndé, opó Jàtáu.
Ọkà bàbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà ká kó o,
wọ́n jẹ ẹ́. Èyí tí wọn ò jẹ, wọ́n tẹ̀ ẹ́.
Ilẹ̀ mọ́, ó ku pòròpórò.

Ní Ìgbòho tiwa, àgbà a máa ní
àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí.
Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ wọ kákí, létí odò Gàjì,
mo kà wọ́n títí ìka ọwọ́ fi tán,
mo bọ́ bàtà kí n lè fi ti ẹsẹ̀ kún un.
Lánàá, fìrí náà ni mo rí:
ìrù kan láàárín yànmọtí,
eruku,
ó parí.

Tudun Gíwá ni wọ́n ń pe abúlé yìí.
Òkè Erin ni, lédè wọn.
Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé.
Ọ̀nà wọn fẹ̀ nígbà náà, láti inú igbó ẹ̀gún títí dé omi;
Fúlàní ń gbà á, ẹtu ń gbà á,
ìkookò ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.
Ẹsẹ̀ ló là á, kì í ṣe katakata.

Katakata dé. Ọkùnrin kan ti Kánò wá
pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀; yànmọtí lówó lórí.
Baálẹ̀ tẹ̀ka.
Igi òrí, igi igbá, igi àyìn,
gbogbo wọn di àpò èédú, wọ́n wọkọ̀ lọ.
Eku nìkan ló ń bí sí i,
torí àwòdì wá igi ìtẹ́ tì.

Wọ́n ní ká yìnbọn sófuurufú. A yìn ín.
Nígbà kìíní, wọ́n sá.
Nígbà kẹta, wọ́n dúró, wọ́n ń wò wá
bí àgbà ṣe ń wo ọmọdé tó ń lu agolo.
Wọ́n ní ká sun ata.
Àwọn ọmọ Lámíndé wúkọ́ mọ́júmọ́, erin ò wúkọ́.
Wọ́n ṣèlérí oyin tí a ó so mọ́ wáyà.
Àpótí dé. Oyin ò dé.

Lámíndé kò pariwo. Ó bu fúrá fún mi,
ó ní bàbá òun a máa fi ebè mẹ́ta sílẹ̀ létí ọ̀nà wọn,
wọ́n á jẹ mẹ́ta, wọ́n á máa lọ,
kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù.
"Orí ọ̀nà wọn gan-an ni oko mi báyìí.
Ibi tí baálẹ̀ fún mi nìyẹn
lẹ́yìn tó ta ti ọkọ mi.
Ọwọ́ kan náà ló lé èmi àti erin.
Kọ ìyẹn."

Mo kọ ọ́. Ó ṣàn jáde nínú ìlà méjì,
ó gun etí ìwé, ó dé ẹ̀yìn.
Wàkílì, ọ̀gá mi, kà á, ó mí kanlẹ̀.
"Wọ́n á dá a padà ni. Kọ ebi."
Mo gba fọ́ọ̀mù tuntun.
Mo kọ: ebi.
N kò sọ ebi ta ni.

Nígbà tí mo ń gun ọ̀kadà lọ,
àbígbẹ̀yìn Lámíndé ti jókòó
sínú ojú ẹsẹ̀ abo àgbà náà, láàárín ebè.
Ó gbà á.
Àyè tún ṣẹ́kù.